Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Láti Ojú Irin Pobè Dé Títì Ńlá Abidjan sí Èkó

Ẹni tó bá fẹ́ ti Àjàṣẹ́ lọ sí Pobè lónìí, ohun kan ṣoṣo ló máa wá sí i lọ́kàn: kó wọ takisí, kó gba Sakété kọjá, kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Pobè kí oòrùn tó ga. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi zémidjan gbé èrò kiri ìlú méjèèjì lè rò pé bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ti rìn níhìn-ín rí. Kí ojú irin tó dé, ọ̀nà ẹsẹ̀ wà tí àwọn aláàárù ń tọ̀ láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé etí òkun. Ní báyìí, àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń múra láti la títì ńlá kan láti Abidjan dé Èkó. Etí òkun ni títì náà máa gbà. Kò ní dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìyá tó ń ta gaàrí ní Ikpinlè, ó kan ẹni tó ń kó ọṣẹ àti ike wá láti Nàìjíríà, ó kan onímọ́tò, ó kan àgbẹ̀ tó ń retí ẹni tó máa ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀ lóko. Bí ọ̀nà bá yà, ọjà á bá a yà. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè wa yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì yẹ ká mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí tuntun tó dé bá wa.

Nígbà tí orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù

Àwọn ará Sakété ṣì ń pe ìlú wọn ní Ìtàkété, ìtàn wọn sì so wọ́n mọ́ Ọ̀yọ́. Kétu ní tirẹ̀ sọ pé Ifẹ̀ lòun ti wá. Ẹ wo ibi tí àwọn ìlú yìí tò sí: láti Kétu sí Pobè, láti Pobè sí Sakété, láti Sakété sí Àjàṣẹ́, ìlà kan náà ni wọ́n dúró lé lórí láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń rìn ni ìlú máa ń dúró dè. Ibi tí àwọn arìnrìn-àjò bá ti ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ tà. Ibi tí oúnjẹ bá sì ti ń tà, ọjà ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn.

Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún wà lórí ìtẹ́, Ọ̀yọ́ di ọ̀nà tó já sí òkun mú dáadáa. Ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí a ń pè ní Yewa lónìí, ni ọ̀nà náà gbà wá sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ọ̀yọ́ tilẹ̀ fi aṣojú kan, Oníṣàre, jókòó sí Ìjànà nítòsí Ìlaró, kó lè máa bójú tó ohun tó ń lọ àti ohun tó ń bọ̀. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, tábà, ìbọn àti owó ẹyọ ló ń gòkè. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun, ó yẹ ká sọ ọ́ láìfi bò: ènìyàn ni. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lójú ogun ni wọ́n dè mọ́ra wọn, tí wọ́n dà gba àárín ìlú wa kọjá lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìran Yorùbá tó wà ní Brazil àti Cuba lónìí, irú ọ̀nà báyìí ni àwọn baba ńlá wọn gbà kúrò nílé.

Láti ìgbà yẹn ni a ti ní ọ̀rọ̀ kan tí a ń lò lójoojúmọ́ láìronú sí i. Bodè ni ẹnu ọ̀nà ìlú. Oníbodè ni ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ru ẹrù wọlé tàbí tó ru ẹrù jáde. Lónìí, ẹnubodè ni a ń pe ààlà orílẹ̀-èdè, aṣọ́bodè sì ni a ń pe àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní Igolo àti Kraké. Aṣọ wọn yí padà, iṣẹ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí. Ìyá tó bá ti ka iye ibi tí wọ́n ti dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró láti Ìdíròkò dé Sango máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ kò wà títí. Nígbà tí òyìnbó Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ Richard Lander gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825, tí wọ́n sì gba Ìjànà gòkè lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé, ilẹ̀ ọba náà ti ń mì. Kò pé ọdún mẹ́wàá àti díẹ̀ lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́ Ilé fi tú. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà kò ti sí mọ́, ogun gba ọ̀nà. Dàhọ̀mì ń ti ìwọ̀-oòrùn wá kó ìlú, wọ́n sì fọ́ Kétu ní 1886, pẹ̀lú gbogbo yàrà rẹ̀ àti Àkábà Ìdènà tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn ọmọ Kétu tó ṣẹ́ kù kò padà wá tún ìlú wọn ṣe títí Faransé fi ṣẹ́gun Béhanzin. Ní gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó jẹ́ fi ọjà rẹ̀ sí orí ọ̀nà yìí.

Ilẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá

Kí n tó dé orí ojú irin, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹrẹ̀. Láàárín Pobè àti Kétu, ní apá Issaba, kòtò ilẹ̀ dúdú kan wà tó nà gba àárín ìsàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin láti ìwọ̀-oòrùn wá. Lama ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ àwọn Potogí ni, ẹrẹ̀ náà ló sì túmọ̀ sí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ náà á sán bí ìkòkò tó gbẹ. Bí òjò bá dé, á mu omi, á wú, á sì di àlẹ̀mọ́. Ẹsẹ̀ á wọ inú rẹ̀, táyà á wọ inú rẹ̀, ẹrù á sì wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi tún ràn.

Àwọn Ọ̀họ̀rí ló ni ilẹ̀ yìí. Ohun tó jẹ́ ìyà fún onímọ́tò, odi ló jẹ́ fún wọn. Dàhọ̀mì kò rí wọn kó bó ṣe rí àwọn yòókù kó. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, tí Faransé ń fi tipátipá kó àwọn ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun, tí wọ́n sì ń gba owó orí, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde sí wọn, ẹrẹ̀ náà sì bá wọn jà. Lẹ́yìn tí Faransé borí, ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ là wọ inú ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ jọba lórí àwọn ènìyàn, ó ní láti lè dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà òjò.

Ó pẹ́ gan-an kí ọ̀dà tó dé ojú ọ̀nà Pobè sí Kétu. Àwọn tó ti rìn ín kí wọ́n tó da ọ̀dà sí i kì í fẹ́ sọ ọ́ ní gígùn. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí yunifásítì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kétu lè sùn lọ nínú mọ́tò láti Pobè láìmọ̀ pé òun ti la Lama kọjá.

Ìlà tí wọ́n fà sórí ìwé

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé ibi báyìí ni ilẹ̀ ẹnì kìíní parí sí, ibi báyìí ni ti ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tún ìlà náà fà lọ sí òkè ní 1898. Kétu, Pobè àti Sakété bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ, Ìlaró àti Ìpókíá bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlárá ni wọ́n là sí méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ bíbí Ìmẹ̀kọ, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ kọ ìwé lórí bí ìlà yìí ṣe gba àárín ẹbí kan náà kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé gbogbo ọ̀nà àtijọ́ wa, láti ìlà-oòrùn ni wọ́n ti ń bọ̀: láti Ọ̀yọ́, láti Ẹ̀gbádò, láti Abẹ́òkúta. Láti 1889, ìjọba tó ń ṣàkóso wa kò fẹ́ kí ẹrù wa kọjú sí ìlà-oòrùn mọ́. Ó fẹ́ kó kọjú sí Kútọnu, kó wọ ọkọ̀ òkun ilẹ̀ Faransé. Àwọn ènìyàn kò gbọ́. Bí owó orí bá pọ̀ jù níhìn-ín, tàbí tí wọ́n bá ń kó ọ̀dọ́ lọ fún iṣẹ́ àfipáṣe, odindi agbo ilé á kó ẹrù lóru kọjá sí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ Faransé jáde. Àwọn ilé kan wà ní apá Yewa lónìí tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ibi tí bàbá ńlá wọn ti wá, ìhín ni wọ́n máa nawọ́ sí.

Epo ló fa ojú irin wá

Àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Kútọnu ní 1900. Èyí tó gòkè lọ sí àríwá dé Parakou ní 1936, ibẹ̀ ló sì dúró títí di òní, kò dé Nijẹr bí wọ́n ti pinnu. Ti apá ọ̀dọ̀ wa kéré sí i. Láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti tẹ́ ẹ wá sí Sakété, wọ́n sì tẹ́ ẹ dé Pobè kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Kútọnu. Gbogbo rẹ̀ láti Kútọnu dé Pobè jẹ́ kìlómítà 107.

Kí ló dé tí wọ́n fi tẹ́ ojú irin wá sí Pobè, tí kì í ṣe ìlú ńlá nígbà yẹn? Ọ̀pẹ ni. Ilẹ̀ pupa Sakété àti Pobè gba ọ̀pẹ ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn lọ. Epo pupa àti èkùrọ́ ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ àti ti ìpara búrẹ́dì ń wá ní Yúróòpù. Kí ojú irin tó dé, orí ni wọ́n fi ń ru epo dé Àjàṣẹ́, ẹni tó ru agbè epo kan kò sì lè ru ohun mìíràn mọ́ ọn. Nígbà tí ojú irin dé, àgbá epo wọ inú ọkọ̀ lọ́pọ̀ ẹ̀ẹ̀kan náà. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ó sì wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀pẹ tó ń tètè so, tí ẹran ojú èso rẹ̀ nípọn, tí àgbẹ̀ ń lọ ra èèhù rẹ̀ lónìí, iṣẹ́ irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni. Ibùdó náà kò ní ìdí kankan láti wà ní Pobè bí kì í bá ṣe ọ̀pẹ àti ojú irin.

Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró di ọjà. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ, àkàrà àti ọsàn mọ àkókò tí ọkọ̀ ń dé ju òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ lọ. Aṣọ, iyọ̀, síbí, fìtílà àti pákó ń bá ọkọ̀ gòkè wá. Ọjà Pobè àti ọjà Sakété, tí wọ́n ti ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún tipẹ́tipẹ́, di ibi tí àwọn oníṣòwò Àjàṣẹ́ ń sá wá. Alárọ̀ọ̀bọ̀ lè ra epo ní Pobè láàárọ̀, kó tà á lálẹ́ ní Àjàṣẹ́.

Ní òdìkejì ààlà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń tẹ́ tiwọn. Ọkọ̀ ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901. Láti Ifọ̀, wọ́n ya ẹ̀ka kan sí Ìlaró, wọ́n sì nà án dé Ìdógò. Ẹ mú àwòrán ilẹ̀, kí ẹ fi ìka wọn Ìdógò sí Pobè. Kò tó kìlómítà 50. Ojú irin méjì, ọ̀kan láti Èkó, ọ̀kan láti Kútọnu, sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn tó ń sọ èdè kan náà, wọn kò sì pàdé rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pàdé, ọkọ̀ ìhín kò ní lè rìn lórí irin ọ̀hún: mítà 1 gééré ni irin Faransé fẹ̀, ti Gẹ̀ẹ́sì lé ní mítà 1 pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 6. Ọ̀dọ̀ tèmi, mi ò ka èyí sí àṣìṣe. Olúkúlùkù wọn fẹ́ kí ẹrù gba èbúté tirẹ̀ lọ, wọn kò sì ro ti ẹni tó fẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìlaró.

Lẹ́yìn òmìnira, àjọ OCBN, tí Benin àti Nijẹr jọ ni láti 1959, ló ń bójú tó ọkọ̀ ojú irin. Ṣùgbọ́n mọ́tò ti dé. Mọ́tò ń dúró ní ẹnu ọ̀nà oko, ojú irin kì í kúrò lójú ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Owó epo ọ̀pẹ já lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ẹ̀rọ gbó, irin dípẹtà, owó àtúnṣe kò sí. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún ogún tó parí, ọkọ̀ ojú irin ti dẹ́kun lílọ sí Pobè. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò mọ fèrè rẹ̀. Koríko bo irin níbì kan, níbòmíràn wọ́n ti kọ́lé sórí rẹ̀.

Wọ́n ti sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ojú irin yóò padà. Ilé iṣẹ́ Petrolin mú ètò kan wá, ilé iṣẹ́ Bolloré ti ilẹ̀ Faransé náà mú tirẹ̀. Àwọn méjèèjì gbé ara wọn lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ sì ní kí Bolloré dá iṣẹ́ dúró ní 2015. Ní Nijẹr, Bolloré ti tẹ́ irin nǹkan bíi kìlómítà 140 láti Niamey dé Dosso, irin náà wà nílẹ̀ láìsí ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń retí fèrè ọkọ̀ ní Pobè, kó ṣì máa gbin ọ̀pẹ rẹ̀ ná.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ọ̀nà ti ń sọ ìlú di ńlá, tí í sì í sọ ọ́ di ahoro. Ní Amẹ́ríkà, láti 1821, àwọn oníṣòwò ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù àti ìbaaka ń fà rìn láti Missouri lọ sí Santa Fe, ọ̀pọ̀ nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà sì jẹ́ ipa ẹsẹ̀ àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ti wà tipẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1869, ojú irin méjì tí wọ́n ń tẹ́ bọ̀ láti ìlà-oòrùn àti láti ìwọ̀-oòrùn pàdé ní ìpínlẹ̀ Utah. Níbẹ̀, ojú irin méjì pàdé nítorí pé ìjọba kan ló ni òpin méjèèjì. Nígbà tí ojú irin dé Santa Fe fúnra rẹ̀ ní 1880, kẹ̀kẹ́ ẹrù parẹ́ lójú ọ̀nà náà.

Èyí tó jọ tiwa jù ni títì tí wọ́n ń pè ní Route 66. Ní 1926 ni wọ́n fún un ní nọ́mbà yẹn. Ó gbéra ní Chicago, ó la àárín ilẹ̀ náà kọjá, ó dé etí òkun ní California, gígùn rẹ̀ sún mọ́ kìlómítà 4,000. Àwọn ìlú kéékèèké tó wà lẹ́bàá rẹ̀ ń jẹun lára rẹ̀: ẹni yìí ń ta epo mọ́tò, ẹni yẹn ń ta oúnjẹ, òmíràn ń gba àlejò sùn. Ní 1956, ìjọba Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin láti la àwọn títì ńlá tí mọ́tò lè sáré lórí wọn láìdúró. Títì tuntun náà kò wọ inú ìlú. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Nígbà tó fi máa di 1985 tí wọ́n yọ nọ́mbà 66 kúrò nínú ìwé, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú náà ti kú: ilé epo dahoro, ilé oúnjẹ tì, àwọn ọ̀dọ́ ti lọ. Kò sí ogun, kò sí ọ̀dá. Kìlómítà díẹ̀ péré ni wọ́n sún títì kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ọjọ́ tí wọ́n ti ẹnubodè

Ní tiwa, kò dìgbà tí wọ́n bá sún ọ̀nà kí ebi tó dé. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó tó. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní 1984, kò sì ṣí i títí di 1986. Àwọn àgbà oníṣòwò rántí ìgbà yẹn dáadáa, nítorí pé ọdún náà ni wọ́n pààrọ̀ owó náírà, tí ẹni tó di owó àtijọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì di ẹni tó di ìwé lásán. Láti 2016 ni wọn kò ti gbà kí ìrẹsì òkèèrè gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́. Láti oṣù kìíní 2017, wọn kò gbà kí mọ́tò wọlé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pátá. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n fi òfin de gbígbé epo bẹntiróòlù lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà, tó fi jẹ́ pé àwọn ará ìlú Nàìjíríà tó ń gbé ní ẹnubodè pàápàá ń wá epo kiri. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, Sèmè sì wà lára mẹ́rin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ fi ojú inú wo ẹni tó gbin tòmátì ní ọdún náà. Àgbàdo lè dúró nínú àká, gaàrí lè dúró nínú àpò. Tòmátì kò lè dúró, ó máa rà. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ wà ní Ìlaró tàbí ní Èkó kò ní ẹni mìíràn tó máa tà fún. Àwọn kan gba ọ̀nà igbó láti Ìgànà lọ sí apá Ọjà Ọ̀dàn, lórí ọ̀kadà, lóru. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń san owó ju ti ọjọ́ gbogbo lọ, ó sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu.

Lẹ́yìn náà ni ti epo. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé ìrànwọ́ tí ìjọba ń ṣe lórí epo bẹntiróòlù ti parí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan kúrò ní bíi náírà 190, ó di nǹkan bíi 500. Kpayo tó ń ti ọ̀hún wá, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, gbówó lórí pẹ̀lú rẹ̀. Owó zémidjan gòkè. Owó ọkọ̀ láti oko dé ọjà gòkè. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ilé tí wọ́n ń kó kpayo sí gbiná ní Sèmè-Kraké, tí ènìyàn tó lé ní 30 kú. Ọ̀nà tí a ń jẹ lára rẹ̀ lè pa wá.

Títì tó ń bọ̀

Ní 2014, àwọn ààrẹ Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí títì Abidjan sí Èkó. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,028. Yóò gba Accra, Lomé àti Kútọnu, mọ́tò mẹ́rin sí mẹ́fà yóò sì lè rìn lórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tí yóò ti bọ́ sí Nàìjíríà ni Sèmè-Kraké, níbi tí Ààrẹ Talon àti Ààrẹ Buhari ti jọ ṣí ilé aṣọ́bodè àjùmọ̀lò ní oṣù kẹwàá 2018.

Bí títì yìí bá parí, tí ọkọ̀ ẹrù sì lè ti Lomé dé Èkó láìdúró kiri, kí ni onímọ́tò máa wá ṣe ní Igolo? Kí ni ẹni tó ń ra ọjà lọ́pọ̀ ní Èkó máa fi Sakété ṣe? Mi ò sọ pé kí wọ́n má là á. Ọmọ Pobè tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu tàbí ní Èkó máa jàǹfààní rẹ̀, ọjà kan náà sì lè túbọ̀ dínwó. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ìlú márùn-ún tó wà ní Plateau, ìyẹn Sakété, Ifangni, Adja-Ouèrè, Pobè àti Kétu, kò sí lórí ìlà náà, bí àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà yẹn kò ṣe sí lórí títì tuntun.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nǹkan mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí a bi àwọn aṣojú wa léèrè nígbà tí wọ́n bá tún wá sí ìpàdé. Àkọ́kọ́, títì tó máa so wá mọ́ títì ńlá náà, ṣé wọ́n máa fẹ̀ ẹ́ kó lè gba ọkọ̀ ẹrù, àbí a ó máa há mọ́ àárín Àjàṣẹ́ bí a ṣe ń há lónìí? Èkejì, ọ̀nà láti Ìgànà kọjá sí Yewa, tí àwọn ènìyàn ti ń rìn kí ààlà tó wà rárá, ṣé wọ́n lè ṣe é kí ẹni tó ru àpò gaàrí mẹ́ta gba ibẹ̀ lọ lójú ọ̀sán, kó san owó tí òfin sọ, kó gba ìwé rẹ̀? Òfin ECOWAS ti fàyè gba irè oko láti kọjá láìsan owó bodè. Ìyá tó ń ta gaàrí ni kò rí i kí ó ṣẹ.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ ojú irin. Ti ìjọba ni. Bí ọkọ̀ kò bá ní rìn lórí rẹ̀ mọ́, ojú ọ̀nà tó ti tẹ́jú láti Àjàṣẹ́ dé Pobè wà níbẹ̀, àwọn tó là á ti fi agbára wọn là á, tipátipá ni wọ́n sì mú ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe é. Ó ṣì lè di ọ̀nà oko, ó lè di ọ̀nà alùpùpù, kí wọ́n tó fi bíríkì dí i tán. Ẹni tó bá sì ń ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀, kó béèrè ìwé dáadáa kó tó sanwó, kó má baà jẹ́ orí irin ni wọ́n tà fún un.

Láti Pobè dé etí òkun ní Sèmè kò pé kìlómítà 100. Bí ọ̀nà bá dára, tòmátì tí wọ́n já ní Issaba láàárọ̀ lè dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú.